Àna Tó Kọ Ọ̀wẹ̀ ní Òkè-Lísà

Ọmọ bíbí Ìta-Ògbólú ni Yọ̀mí, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Àwọn télọ̀ ni wọ́n yí i ká, tí ó fi jẹ́ pé láti òwúrọ̀ ni ariwo ayùn rẹ̀ àti ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ti máa ń dá ara wọn lóhùn. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n kì í kan àga, kì í kan tábìlì. Òrùlé àti àjà ilé ni tirẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Bí oníbàárà bá ń bínú, pákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò títí inú ẹni náà yóò fi rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sọ pé òòlù Yọ̀mí ló ń bá a pariwo, pé òun fúnra rẹ̀ kò ní ariwo kankan nínú.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Oríọlá ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà náà, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni ayé ń kàn sí àjà, àwọn tí agbára wọn sì ká a a tún fi bo òrùlé wọn. Pátákó aláwọ̀ eérú ni, ó le, ó sì wúwo, oòrùn kì í tètè ràn wọlé láti ara rẹ̀ bíi ti páànù. Ayùn ni Oríọlá fi ń rẹ́ ẹ, bí ẹni ń rẹ́ pákó lásán. Eruku rẹ̀ funfun, ó kúnná bíi láfún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Yóò bo orí wọn, yóò bo ìpéǹpéjú wọn, àwọn ọmọṣẹ́ a sì máa kí ara wọn pé, “Bàbá arúgbó, ẹ kú àgbà o!” Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a gbọn ẹ̀wù wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn a wọlé lọ jẹun. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ewu kan wà nínú eruku náà.

Oríọlá fẹ́ràn orin. Òun ni ó máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ohùn rẹ̀ sì lè mi ilẹ̀kùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé orin sí méjì. Yóò kọ ìlà kan, yóò dúró, yóò máa wá èémí, àwọn yòókù yóò sì ti dé ìlà kẹta kó tó bá wọn. Nígbà tó yá, kò lè rìn láti iyàrá dé ẹ̀yìnkùlé láìjókòó lójú ọ̀nà. Dókítà sọ fún ìdílé rẹ̀ pé eruku tí ó ti ń fà símú láti ọjọ́ yìí wá ni ó dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní irú eruku bẹ́ẹ̀ kì í jáde mọ́ bó bá ti wọlé, pé ènìyàn lè fà á símú kí ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kọjá kó tó fi ojú hàn. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ìlú rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. Yọ̀mí wà lára àwọn tó gbé pósí.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ kan tó gba iṣẹ́ àtúnṣe àwọn ilé àtijọ́ ní Àkúrẹ́ ń wá káfíńtà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun àkàbà, wọ́n kọ́kọ́ kó wọn jọ, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń tú asibẹ́sítọ́ọ̀sì láìṣe ara ẹni léṣe, láìṣe onílé léṣe. Àwọn mìíràn ń tòògbé. Yọ̀mí kò ṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣòroó rántí: kó tutù, kó má fọ́, kó má fò, kí ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ má sún mọ́ ọn. Jesse, káfíńtà bíi tirẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì ni wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Oǹdó ni Yọ̀mí ti gbé ìyàwó. Ilé bàbá Tiwaladé, ìyàwó rẹ̀, wà ní Òkè-Lísà, ilé gbọọrọ kan tí bàbá náà fi owó kòkó kọ́ nígbà tí kòkó ṣì jẹ́ kòkó. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni ó fi bo gbogbo orí rẹ̀. Bàbá ti kú tipẹ́. Màmá Fẹ̀yìntọlá, ìyá Tiwaladé, ni ó wà nínú ilé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tó ń lọ sílé ìwé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ìjì kan jà ní Oǹdó, ẹ̀ka igi máńgòrò sì já lu òrùlé náà. Nígbà tí Yọ̀mí dé láti Àkúrẹ́, òjò ti ń wọ pálọ̀, èérún asibẹ́sítọ́ọ̀sì sì wà káàkiri ilẹ̀. Ó bá Màmá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá a jọ, eruku ń gòkè nínú oòrùn tó gba ihò òrùlé wọlé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀ yẹn.”

“Ṣé àna mi ló fẹ́ bá mi gbálẹ̀? Ayé ti bàjẹ́ nìyẹn!”

“Màmá, kò ṣeé gbá. Ẹ bọ́ síta ná, kí n fi omi wọ́n ọn.”

Ó fi ìbomú bo imú rẹ̀, ó wọ́n omi sí i títí kò fi sí eruku mọ́, ó ṣa èérún náà sínú ọ̀rá, ó fi àkísà tútù nu ilẹ̀, ó sì di àkísà náà pọ̀ mọ́ ọn. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ó ní irú ìmọ́tótó yìí ṣàjèjì.

Ìdílé pàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n tú òrùlé náà kúrò pátápátá, kí wọ́n fi páànù tuntun rọ́pò. Akínsànyà, ẹ̀gbọ́n Tiwaladé, tí í ṣe àkọ́bí ọkùnrin ilé náà, ni ó ṣe alága. Oníṣòwò kòkó ni, ó sanra, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ní ọwọ́ àna wọn ni kí iṣẹ́ náà wà. Yọ̀mí dúpẹ́, ó ṣàlàyé bí òun yóò ṣe ṣe é, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: “Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ tú u, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ibẹ̀ ni ó ti ṣìṣe. Àna tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni. Àwọn tó bá sì gbọ́ ọ tí wọ́n jókòó sílé lóòótọ́, àwọn ni a kò kọ́. Gbogbo ìdílé mi orí, wọ́n ní, “Àna gidi.” Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Akínsànyà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkéde, ó ní Sátidé ni ọ̀wẹ̀ òrùlé bàbá òun.

Ó bọ́ sí ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Tiwaladé ti wá mú Màmá àti àwọn ọmọ lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Yọ̀mí àti Jesse kó ẹrù jáde, wọ́n fi ọ̀rá bo èyí tí kò ṣeé gbé, wọ́n bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n ti fèrèsé wọn. Wọ́n ta ọ̀já pupa òun funfun yí ilé náà ká. Wọ́n wọ òfaróòlù funfun tó bo orí, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì de ìbomú tó le mọ́ ojú. Pọ́ńpù àgbékọ́ẹ̀yìn méjì ni wọ́n ní, irú èyí tí àwọn olóko fi ń fín kòkó, tuntun ni, kò sí oògùn kan tó dénú rẹ̀ rí. Omi tí wọ́n po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń fín òrùlé náà.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ṣì ń fín lọ́wọ́ tí wọ́n fi gbọ́ orin. Akínsànyà ló ṣáájú, ó gbé àkàbà lé èjìká. Àwọn ọkùnrin tẹ̀lé e pẹ̀lú òòlù àti àdá, àwọn obìnrin sì gbé ìkòkò lérí.

Mary, ìyàwó Akínsànyà, ni ó kọ́kọ́ rí wọn lókè. “Àna wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo aṣọ lára wọn, àfi bí ẹni ń lọ sínú òṣùpá!”

“Òṣùpá kọ́,” ni ọkùnrin kan dáhùn, “oyin ni wọ́n fẹ́ lọ fà!”

Yọ̀mí na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi dá wọn dúró. Àwọn náà na ọwọ́ sókè, wọ́n ń jù ú sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Akínsànyà dé ibi ọ̀já náà, ó fi ìka tì í. “Kí nìyí? Ta ló ń bọ̀ wá gé ríbọ́ọ̀nù? Ṣé wọ́n pe gómìnà ni?”

“Ẹ̀yin náà ni gómìnà,” ni Mary wí. “Ẹ gé e!”

Akínsànyà gba àdá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn wọ àgbàlá.

Yọ̀mí sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n kò lè sáré lọ bá wọn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní láti dúró kí Jesse fín in láti orí dé bàtà. Kí ó tó ṣe tán, wọ́n ti fi àkàbà ti ògiri apá kejì, níbi tí omi kò tíì dé, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sì ti ń gùn ún lọ pẹ̀lú òòlù ńlá.

Yọ̀mí ṣí ìbomú kúrò lẹ́nu. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀, sà. Mo sọ fún yín pé kí ẹ má wá.”

“A gbọ́ ọ,” ni Akínsànyà dáhùn. “O sọ tìrẹ bí àna, àwa ń ṣe tiwa bí onílé. Ṣé kí àwọn ará Òkè-Lísà máa wí pé ẹni tó wá láti Àkúrẹ́ ló dá tú òrùlé bàbá wa, tí àwa jókòó sílé tí à ń jẹ iṣu?”

“Ẹ̀gbọ́n, ó léwu.”

“Kí ló léwu? Àkàbà mi le dáadáa!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lórí àkàbà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra òòlù. “Ẹ sún sẹ́yìn,” ni ó wí, “kí n fọ́ ọ, kí ẹ máa ṣa á. Kí ìrẹsì yẹn tó tutù, a ti ṣe tán.”

Àwọn ènìyàn náà tó ogójì, wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé gbígbẹ, wọ́n gbójú sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Bí òòlù náà bá balẹ̀, gbogbo wọn ni yóò fà á símú, wọn kò sì ní mọ̀. Ọ̀gá Oríọlá náà kò mọ̀. Yọ̀mí lè pariwo mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àna tó bá pariwo mọ́ àwọn ìbátan ìyàwó rẹ̀ nínú ilé bàbá wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́ nílẹ̀ ju òrùlé lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ à-fọwọ́-kan-ilẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lónìí. Ó na gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú Akínsànyà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, òfaróòlù funfun náà di aláwọ̀ ilẹ̀.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ẹni tó wà lórí àkàbà kò lè gbé òòlù sókè mọ́, nítorí a kì í ṣiṣẹ́ lọ lórí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lọ síwájú pẹ̀lú, nítorí a kì í dá a kọjá.

“Dìde, àna,” ni Akínsànyà wí. “A ti gbà. Dìde.”

“N kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán, Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí lò ń bẹ̀bẹ̀ fún?”

“Kí ẹ lọ.”

Ojú Akínsànyà yí padà. “Ṣé lílé lò ń lé wa? Nínú ilé bàbá wa?”

“Mo ń lé yín, sà,” ni Yọ̀mí wí láti ilẹ̀. “Mo ń dọ̀bálẹ̀ lé yín.”

Níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, láìgbé orí sókè, ó sọ fún wọn nípa ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ nípa eruku tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ bí ọ̀gá náà ṣe ń gé orin sí méjì, bí ó ṣe ń jókòó lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé láti máa rí òun fín.

Mary sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá sílé yìí,” ni ó wí, “n kò rí àna tó ń dọ̀bálẹ̀ léni jáde rí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. “Ẹ dá a lóhùn, ọkùnrin náà wà nínú ẹrẹ̀.”

Akínsànyà mí kanlẹ̀. Ìbínú kò tíì tán lára rẹ̀. “Bí a bá lọ, kí la fẹ́ sọ fún Màmá pé a ṣe? Àwa ọkùnrin ilé? Pé a wá, a wò, a padà?”

“Omi,” ni Yọ̀mí wí.

“Omi wo?”

“Èyí tí a ní kò lè tó, sà. Gbogbo òrùlé ló gbọ́dọ̀ tutù kí a tó fọwọ́ kàn án, iná ò sì sí láti fi fa omi kànga ẹ̀rọ inú àgbàlá. Ẹ bá wa pọn ọ́n láti kànga ìsàlẹ̀ òpópónà, kí ẹ máa gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀já, lóde. Ọwọ́ méjì kò lè dá a pọn.”

Akínsànyà ronú, ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. “Ẹ gbọ́? Ọ̀wẹ̀ omi ni. Gbogbo yín, ó di títì!” Ó bẹ̀rẹ̀, ó di Yọ̀mí mú lápá, ó fà á dìde. “O lágídí,” ni ó wí fún un jẹ́jẹ́. “Tiwaladé kò sọ fún wa pé o lágídí tó báyìí.”

Ẹni tó wà lórí àkàbà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo òòlù rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un. Jesse ní kó dúró, ó gbé pọ́ńpù, ó fín in láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn. Àwọn obìnrin ń kígbe láti òde pé kí ó fín in dáadáa kó lè so bíi kòkó.

Wọ́n so ọ̀já tuntun, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà. Omi kò dáwọ́ dúró. Kẹ́ẹ̀gì ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti kànga wá, àwọn mìíràn sì fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lókè, Yọ̀mí àti Jesse ń fi ẹ̀mú tú ìṣó, wọn kò kan òòlù rárá. Bí abala kan bá ti tú, wọn a tún fín abẹ́ rẹ̀, wọn a fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ ní odidi, wọn a tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tó nípọn, wọn a wé e lẹ́ẹ̀mejì, wọn a fi téèpù dí i pinpin. Ibi tí ẹ̀ka igi ti fọ́, wọ́n ṣa ibẹ̀ ní ọwọ́, wọ́n fi àkísà tútù nù ún. Kò sí ìgbálẹ̀ tó kan ibì kan.

Ní òdìkejì títì, Akínsànyà ti jókòó sórí àga, ó ń ké bí àwọn tí ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. “Ó ti yọ! Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ẹ rọra… ó dé!” Gbogbo wọn a pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí abala kan bá balẹ̀ láìfọ́, èjìká Yọ̀mí a sọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ tó fẹ́ kó asibẹ́sítọ́ọ̀sì náà dé, Akínsànyà rìn wá sí etí ọ̀já. “Àna, méjì tó le dáadáa yẹn, má kó wọn lọ. Mo fẹ́ fi wọ́n sá kòkó lóko.”

Yọ̀mí wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

“Má dọ̀bálẹ̀!” ni Akínsànyà ké. “Má dọ̀bálẹ̀ mọ́! Máa kó wọn lọ!”

Ọkọ̀ náà kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò jíjìn fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Jesse bá a lọ láti rí i pé wọ́n bò ó. Òfaróòlù, ìbọ̀wọ́ àti àkísà wà nínú ọ̀rá lára ẹrù náà. Yọ̀mí wẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fọ irun rẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn, ó sì jáde sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Egungun òrùlé nìkan ló kù lórí ilé náà, ó mọ́, ó ń dúró de páànù ọjọ́ Ajé. Ó wo àwọn ènìyàn tó wà káàkiri òdìkejì títì, àwọn tó ń jà sí ẹran, àwọn tó ń sùn sórí bẹ́ńṣì, obìnrin kan tó ń kọrin nídìí ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró mí. Kò sí ìkankan nínú wọn tí yóò mú ohunkóhun lọ sílé láti ibẹ̀ bí kò ṣe èjìká tó ń ro wọ́n.

Akínsànyà fa àga fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó gbé kẹ́tùlù, ó sì bu omi sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Yọ̀mí fẹ́ gba kẹ́tùlù náà, Akínsànyà ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Fóònù dún. Màmá ni, láti Àkúrẹ́.

“Akínsànyà, ṣé kò sí ẹni tó farapa?”

“Kò sí, Màmá.”

“Eruku yẹn ńkọ́, tí Tiwaladé ní kí a má fà símú?”

“Kò sí ẹni tó fà á. Àna yín lé wa jáde kúrò nílé bàbá wa. Gbogbo òpópónà ló rí i.”

“Ó ṣe é dáadáa,” ni Màmá wí. “Ṣé ẹ ti fún un lóúnjẹ?”

“Ó ń jẹun lọ́wọ́,” ni Akínsànyà dáhùn, ó sì bu ẹran kún àwo Yọ̀mí.